Ìyá Arúgbó Tó Wà Lẹ́yìn Mizuki Shigeru

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ló kọ́ Mizuki Shigeru, ará Jàpáànì tó ya manga, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán wọn, níṣẹ́ ọnà, n kò ní dárúkọ ayàwòrán kankan. Ìyá arúgbó kan ni màá dárúkọ, Kageyama Fusa, tí wọ́n ń pè ní NonNonBa. Ìyá náà kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó máa ń báni gbàdúrà, owó gidi kò sì sí nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, iṣẹ́ ilé ló ń bá àwọn ará àdúgbò ṣe kó tó lè jẹun. Ọ̀kan lára ilé tó ti ń ṣiṣẹ́ ni ilé àwọn Mura ní Sakaiminato, ìlú apẹja kan létí òkun ní ìpínlẹ̀ Tottori, lápá ìwọ̀-oòrùn Jàpáànì. Ọmọkùnrin kékeré kan wà nínú ilé yẹn tí etí rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ìyá náà. Ọmọ yẹn ló di Mizuki.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá orúkọ yìí sọ létí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Àkúrẹ́ níbí. Àwọn tó mọ manga láàrin wọn, ti àwọn ajagun onídà àti àwọn ọmọ tí iná ń jáde lọ́wọ́ wọn ni wọ́n mọ̀, èyí tí wọ́n ń wò lórí fóònù. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mò ń sọ yìí yàtọ̀, ohun tó sì mú un yàtọ̀ kò jìnnà sí wa rárá. Ilé ìtẹ̀wé kan lẹ́bàá ọ̀nà Oyèmẹ́kùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà: kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, bánà ṣọ́ọ̀ṣì, pósítà àwọn olóṣèlú nígbà ìbò. Bí iṣẹ́ bá dẹwọ́, mo máa ń yàwòrán ti ara mi, iwin ni mo sì fẹ́ràn láti máa yà jù. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Mizuki fi wọ̀ mí lára.

Àbúrò mi kan tó wà ní Kánádà ló fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ ìyá arúgbó yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣe àkọlé rẹ̀, NonNonBa, ìtàn ìgbà èwe Mizuki. Lọ́dún 2007, ìwé náà gba ẹ̀bùn tó ga jù níbi àjọ̀dún ìwé ìtàn aláwòrán ti Angoulême lórílẹ̀-èdè Faransé. Manga kankan kò gba ẹ̀bùn yẹn rí kó tó dìgbà náà. Èmi kò tíì gbọ́ nípa ẹ̀bùn nígbà tí mo kà á. Ọ̀rọ̀ àjà ilé ló mú mi. NonNonBa sọ fún ọmọ náà pé àwọn àbàwọ́n dúdú tó ń rí lára àjà, ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Tenjōname ló ń ṣe é. Lóru, nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, yóò yọ́ wọlé, yóò na ahọ́n rẹ̀ gbọọrọ, yóò sì máa lá àjà. Ibi tó bá lá ni àbàwọ́n ń kù sí. Ẹ rò ó wò. Ọmọ tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí kó tó sùn, ṣé ó tún lè wo àjà kó má rí nǹkan níbẹ̀ mọ́?

Ẹ̀dá mìíràn tún ni Betobeto-san. Bí ènìyàn bá ń dá rìn lálẹ́ tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó bojú wẹ̀yìn tí kò rí ẹnì kankan, Betobeto-san ni. Kì í pani lára. Kí onítọ̀hún ṣáà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kó ní kí Betobeto-san máa kọjá lọ níwájú, ìró náà yóò sì dákẹ́. Nígbà tí mo ka èyí, ohùn Màmá Àgbà ló dún sí mi létí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí ìyá mi ni Màmá Àgbà. Òkè-Ìgbò ló ń gbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kó wa lọ nígbà ọlidé. Nínú ilé Màmá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi gbígbóná sí ẹ̀yìnkùlé lálẹ́ láìké àgò. Mo gbé ìkòkò omi iṣu jáde lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì pè mí padà.

"Ké àgò kó o tó dà á."

"Ta ni kí n ké àgò fún, Màmá? Kò sẹ́nì kankan níta."

"Ẹni tí ojú rẹ kò tó ni. Bí wọ́n bá da omi gbígbóná lé ìwọ náà lórí, ṣé inú rẹ á dùn?"

Kò fi ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù bà mí. Ẹ̀kọ́ ilé ló fi ń kọ́ mi. Àwọn kan wà tí a jọ ń lo ẹ̀yìnkùlé, a kò rí wọn, ṣùgbọ́n a gbọdọ̀ ro tiwọn mọ́ tiwa. Ohun tí NonNonBa fi lé Mizuki lọ́wọ́ nìyí gẹ́lẹ́, òun náà sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ yà á.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un nítorí ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló ti gbọ́ pé bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ láàrin ọjà lọ́sàn-án gangan, tó wo ẹ̀yìn láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, yóò rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò kanlẹ̀. Àwọn ará Jàpáànì náà ní i. Àwọn apẹja wọn gbà pé bí ọkọ̀ kan bá yọ lójú òkun lóru tí ọkàn ẹni kò balẹ̀ sí i, kí a bẹ̀rẹ̀ kí a wò ó láàrin ẹsẹ̀, a ó mọ̀ bóyá ọkọ̀ alààyè ni tàbí ọkọ̀ òkú. Ta ló kọ́ ta? Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹnì kan. Ẹni tó bá ń gbé létí omi ńlá tàbí létí igbó ńlá yóò ṣáà mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń gbé ibẹ̀.

Òkè-Ìgbò tí mo dárúkọ yìí, ìlú Fágúnwà ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1903. Nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1938, ọmọ ọdún 16 ni Mizuki, ó wà ní òpin ayé kejì lọ́hùn-ún, kò sì gbọ́ nípa Fágúnwà. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe. Fágúnwà mú àwọn tí ìyá àti bàbá wa ń sọ̀rọ̀ wọn níbi ààrò, ó fún wọn lórúkọ, ó fún wọn lóhùn, ó jẹ́ kí wọ́n máa bá ọdẹ jiyàn. Mizuki fún tiwọn ní ara àti ojú. Bruce Onobrakpeya ti ya àwọn ará igbó Fágúnwà fún wa, mo sì máa ń tẹjú mọ́ àwọn àwòrán yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ ilé ìwé kan ní Àkúrẹ́ lónìí pé báwo ni Àgbákò ṣe rí. Ẹni tí ojú 16 wà lórí rẹ̀! Púpọ̀ nínú wọn kò ní lè sọ ọ́. Ẹ lọ bi ọmọ Jàpáànì nípa àwọn ẹ̀dá inú ìwé Mizuki, yóò yà wọ́n sílẹ̀ fún yín lójú ẹsẹ̀.

Osaka ni wọ́n bí Mizuki sí, ní oṣù kẹta ọdún 1922, Sakaiminato ló sì ti dàgbà. Mura Shigeru lorúkọ tí òbí sọ ọ́. Nígbà tí ahọ́n rẹ̀ kò tíì là, kò lè pe Shigeru, Gegeru ló máa ń pè é, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ ọ́ ní Gege. Orúkọ ìnagijẹ yìí yóò wúlò níwájú. Tẹ́ńpìlì kan wà nílùú wọn, Shōfukuji, níbi tí àwòrán ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì wà, NonNonBa ló sì ń mú un lọ síbẹ̀. Mizuki sọ títí ó fi dàgbà pé àwòrán yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí òun mọ̀ pé ayé mìíràn wà yàtọ̀ sí èyí tí a ń fi ojú rí.

Ogun wá dé. Lọ́dún 1943 wọ́n mú un wọṣẹ́ sójà, wọ́n sì kó wọn lọ sí Rabaul ní erékùṣù New Britain, èyí tó wà lábẹ́ Papua New Guinea lónìí. Ìwé kan wà nínú ẹrù rẹ̀, ìwé tí wọ́n ti kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí Goethe, òǹkọ̀wé ará Jámánì, bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ sílẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ tó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun má padà wálé ń wá ẹni tó máa ṣàlàyé ikú fún òun. Nínú iṣẹ́ ológun, àwọn ọ̀gá máa ń gbá àwọn ọmọ ẹ̀yìn létí láàárọ̀ lálẹ́, Mizuki sì wà lára àwọn tó ń jẹ ẹ́ jù, nítorí kò yára, ó fẹ́ràn oorun, ó sì fẹ́ràn láti máa wo nǹkan.

Wọ́n fi òun àti àwọn díẹ̀ síbi tó jìnnà láti máa ṣọ́nà. Àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó wà lẹ́nu ìṣọ́, àwọn ọ̀tá kọlu ibùdó wọn. Àwọn tó kù kú. Òun nìkan ló fò sínú òkun tó lúwẹ̀ẹ́ lọ, tó tún wọ inú igbó kìjikìji, tó ń sá lóru àti lọ́sàn-án, aṣọ kò sí lára, ìbọn kò sí lọ́wọ́, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà Jàpáànì yòókù. Kàkà kí wọ́n kí i kú ewu, ẹ̀sùn ni wọ́n fi kàn án. Kí ló dé tó fi yè nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ kú? Ibà dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí ni ọkọ̀ òfurufú ti ju bọ́ǹbù lù wọ́n, dókítà sójà sì gé ọwọ́ òsì rẹ̀. Gbogbo àwòrán tí ayé mọ̀ mọ́ Mizuki, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi yà wọ́n.

Nínú igbó yẹn, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí i tí mo ti kà ní àkàtúnkà. Ó ń rìn nínú òkùnkùn biribiri, kò rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lójijì kò lè lọ síwájú mọ́. Ó fọwọ́ kan ohun kan níwájú rẹ̀ tó le díẹ̀ tó sì rọ̀ díẹ̀, ó tì í, kò lọ. Ó yà sọ́tùn-ún, ohun náà wà níbẹ̀. Ó yà sósì, ó tún wà níbẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó. Nígbà tó dìde, ọ̀nà ti là. Lẹ́yìn ogun, ó ka ìwé Yanagita Kunio, ọ̀mọ̀wé tó lọ káàkiri ìgbèríko Jàpáànì láti ṣàkójọ ìtàn àwọn àgbà, ó sì rí i níbẹ̀ pé àwọn ará Kyushu mọ nǹkan yẹn dáadáa. Nurikabe ni wọ́n ń pè é, ògiri tó máa ń dìde lójú ọ̀nà lóru. Nígbà tí Mizuki máa yà á, ó ya ògiri ńlá tó ní ojú kéékèèké méjì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kúkúrú, ojú ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kò fẹ́ ìjà. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nínú igbó ló sọ di ọ̀rẹ́ àwọn ọmọdé.

Àwọn Tolai tó ni ilẹ̀ Rabaul gba sójà ọlọ́wọ́ kan yìí mọ́ra. Wọ́n ń fún un lóúnjẹ, ó ń bá wọn jókòó, ó ń bá wọn ṣeré. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ní kó dúró, àwọn á fún un ní ilẹ̀, àwọn á bá a kọ́lé. Ọkàn rẹ̀ ti fẹ́ dúró kí dókítà tó ní kó kọ́kọ́ lọ rí àwọn òbí rẹ̀. Ó ṣèlérí pé òun á padà wá. Ó ju ogún ọdún lọ kó tó mú ìlérí náà ṣẹ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sì gbàgbé rẹ̀. Mo gbà pé níbẹ̀ ló ti rí i pé irú ayé tí NonNonBa ń sọ kò parí sí Sakaiminato.

Ìyà tó jẹ ẹ́ nígbà tó padà dé kò kéré, n kò ní fi gbogbo rẹ̀ gba àkókò yín. Ó ta ẹja, ó wa kẹ̀kẹ́ èrò, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ọnà kò parí rẹ̀, ó ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé nínú ilé kan ní òpópónà Mizuki nílùú Kobe. Òpópónà yẹn ló ti mú orúkọ tí a mọ̀ ọ́n mọ́.

Ní Kobe ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya kamishibai, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbí. Oníṣòwò kan á gun kẹ̀kẹ́ wọ àdúgbò, á lu igi méjì mọ́ra kí àwọn ọmọdé lè gbọ́. Àwọn ọmọ á rọ́ wá, á ta súwíìtì fún wọn. Lẹ́yìn náà á ṣí àpótí onígi tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, á máa fa páálí aláwòrán jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa sọ ìtàn bó ṣe ń fà á. Ibi tí ìtàn bá ti gbóná jù ló máa ń gé e sí, kí wọ́n lè padà wá lọ́la. Ẹni tó bá ya páálí náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ tó wà lẹ́yìn pátá gbọ́dọ̀ rí i, pé àwòrán kan gbọ́dọ̀ mú kí ojú máa wá èkejì. Ó gbọ́dọ̀ yá lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè tuntun. Ibẹ̀ ni Mizuki ti pàdé Kitaro, ọmọ tí wọ́n bí ní itẹ́ òkú, tí Itō Masami ti kọ́kọ́ kọ ìtàn rẹ̀ fún kamishibai láwọn ọdún 1930. Wọ́n ní kí Mizuki máa ya ti tuntun.

Tẹlifíṣọ̀n dé, kamishibai kú. Mizuki gba Tokyo lọ, ó bọ́ sínú iṣẹ́ manga tí wọ́n ń yá kà. Ṣọ́ọ̀bù ló ń yá àwọn ìwé yìí fún èrò lówó kékeré, bí a ṣe ń yá fídíò nígbà kan ní Àkúrẹ́, tí a ó wò ó tán ká dá a padà kí owó má baà lé. Owó tí àwọn ayàwòrán ń rí nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Lọ́dún 1961 ó fẹ́ Nunoe. Ọjọ́ márùn-ún péré ló wà láàrin ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fojú kan ara wọn àti ìgbéyàwó. Ìyàwó wá bá ilé tí kò sówó, ó jókòó ti ọkọ, ó ń bá a fa ìlà sójú ìwé. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn yìí nígbà tó dàgbà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NHK sì fi ṣe eré alápá púpọ̀ lọ́dún 2010 tí gbogbo Jàpáànì wò.

Mizuki ti pé ọmọ ọdún 43 kí ẹ̀bùn gidi kan tó kàn án lára, ẹ̀bùn manga àwọn ọmọdé ti ilé ìtẹ̀wé Kodansha lọ́dún 1965. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé Kitaro sórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1968, àwọn tó máa sanwó kò fẹ́ gbọ́ itẹ́ òkú nínú àkọlé. Orúkọ ìnagijẹ ìgbà èwe Mizuki ni wọ́n fi dípò rẹ̀: GeGeGe no Kitaro.

Kitaro fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe sinimá wa wò. Nínú sinimá tiwa, bí iwin bá ti yọ báyìí, ọ̀tá ni, ẹ pe pásítọ̀ tàbí babaláwo, kí wọ́n lé e lọ, ó parí. Kitaro kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú kan ló ní. Bàbá rẹ̀ ti kú, ara ti jẹrà, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọmọ kò jẹ́ kó lè lọ. Ẹyinjú bàbá nìkan ló kù, ó hu ara kékeré, ó sì ń gbé nínú irun ọmọ rẹ̀. Inú abọ́ tíì ni bàbá ti ń wẹ̀, omi gbígbóná nìkan ló ń fẹ́. Kitaro dúró láàrin àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí àti ènìyàn, ó ń là wọ́n níjà. Nígbà mìíràn iwin ló jẹ̀bi, nígbà mìíràn ènìyàn tó gé igbó onígbó lulẹ̀ ló jẹ̀bi. Ìran wo la rò pé ó lóye ìtàn báyìí ju ìran tó ń ké àgò lóru lọ?

Ní ti ọwọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí oníṣẹ́. Ojú àwọn ènìyàn inú ìwé Mizuki rọrùn: ìlà díẹ̀, imú, eyín tó yọ síta, jígí ojú. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn wọn! Ewé kọ̀ọ̀kan lára igi, ìlà ara pákó, ọ̀rinrin ara òkúta, gbogbo rẹ̀ ló fi àmì róbótó tíntìntín ya, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì lójú ewé kan ṣoṣo, èyí tó súnmọ́ra di òjìji, èyí tó jìnnà síra di ìmọ́lẹ̀. Mo ti fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo ojú ewé kan tí ó ti ya igbó Rabaul, n kò rí ibi tó ti kánjú. Ó máa ń gé fótò inú ìwé ìròyìn pamọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á sì máa wò ó yà. Tsuge Yoshiharu àti Ikegami Ryōichi, tí àwọn náà di gbajúmọ̀, wà lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ nígbà kan. Ohun tí mo rí nínú ọgbọ́n yìí ni pé bí òkè náà bá jọ òkè, tí omi náà bá jọ omi, ọkàn òǹkàwé á ti gbà kí iwin tó yọ. Mo ń ṣe é báyìí. Mo máa ń fi fóònù ya fótò àpáta Ìdànrè, àtẹ̀gùn rẹ̀, páànù ìdọ̀tí ara àwọn ilé àtijọ́ ní Arákalẹ̀, igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ibẹ̀ ni mo ń fi àwọn tèmi sí.

Àwọn àgbà inú ìwé náà kọ́ ọ. Toriyama Sekien ti ya ìwé àwọn yōkai, bí àwọn ará Jàpáànì ṣe ń pe àwọn iwin wọn, jáde láti ọdún 1776, Mizuki sì mú púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ṣe bẹbẹ ni ti àwọn tí kò ní àwòrán rí. Sunakake-baba, ìyá arúgbó tó ń da iyanrìn luni nínú igbó, àwọn tó ròyìn rẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni kò rí i rí. Konaki-jiji, bàbá arúgbó tó ń ké bí ọmọ ọwọ́ nínú òkè, ẹni tó bá gbé e yóò rí i pé ó ń wúwo títí kò fi ní lè sọ̀ ọ́ mọ́. Ìlà díẹ̀ ni Yanagita kọ nípa wọn. Mizuki fún wọn ní ojú, aṣọ, ìwà àti ìbínú, títí gbogbo orílẹ̀-èdè fi gbà pé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn.

Egbére ni mò ń yà lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan tí oníbàárà kan wọlé, ìyá àgbàlagbà kan láti Ìdànrè tó wá ṣe ìwé ètò ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Mo fẹ́ pa á dé kí n ṣí iṣẹ́ tiwọn, wọ́n ní kí n dúró.

"Kí lò ń yà yẹn?"

"Egbére ni, mà."

Wọ́n fa àga sún mọ́ mi, wọ́n wò ó pẹ́. Mo rò pé wọ́n á ní kí n pa á rẹ́.

"Ẹní rẹ̀ tóbi jù. Kì í ṣe ẹní tí ènìyàn ń sùn lé. Bí o bá rí i, wàá rò pé ẹní ọmọ ìkókó ni. Ọmú ló máa ń mú un mọ́, báyìí." Wọ́n ká apá méjèèjì mọ́ àyà. "Ẹkún yẹn, kì í ké e síta. Abẹ́ imú ló ń sun ún."

Mo yí i padà lójú wọn. Mo dín ẹní kù, mo gbé e sí àyà rẹ̀, mo pa ẹnu rẹ̀ dé. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀dá náà yẹ ara rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ ọnà tó lè sọ ìyẹn fún mi. Lẹ́yìn náà la wá ṣe ìwé ètò ìsìnkú.

Mizuki kò fi iwin sá fún ọ̀rọ̀ ogun o. Lọ́dún 1973 ó ya ìwé kan nípa àwọn sójà tí ọ̀gá wọn pàṣẹ pé kí gbogbo wọn lọ kú, tí àwọn tó bá yè á sì tún jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Ó tún kọ ọ́ pé nígbàkigbà tí òun bá ń ya ogun, ìbínú kan tí òun kò lè ṣàlàyé máa ń ru sókè, bóyá ẹ̀mí àwọn tó kú lọ́hùn-ún ló ń fà á. Lójú tèmi, àwọn òkú yẹn náà wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀. NonNonBa kọ́ ọ láti máa gbọ́ ẹni tí a kò rí, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì di ẹni tí a kò rí mọ́, etí rẹ̀ ti là sí wọn.

Ó gbé ayé pẹ́. Ó máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n sùn dáadáa. Tezuka Osamu àti Ishinomori Shōtarō, àwọn àgbà manga tí kì í sùn, ẹni 60 ọdún ni àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n kú. Mizuki kú ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2015, ẹni ọdún 93. Sakaiminato ti fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà kan láti ọdún 1993, wọ́n kọ́kọ́ to ère idẹ 23 síbẹ̀. Ère tó lé ní 170 ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn èrò ń wọkọ̀ ojú irin wá wò wọ́n, pápákọ̀ òfurufú tó wà nítòsí sì ń jẹ́ orúkọ Kitaro. Ìlú apẹja kékeré ni o. Ó wù mí lọ́kàn gidigidi kí n rí Àgbákò pẹ̀lú ojú 16 rẹ̀ létí títì tó wọ Òkè-Ìgbò láti Oǹdó, kí àwọn ọmọ máa gun un, kí wọ́n máa ya fótò nídìí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó fi NonNonBa bẹ̀rẹ̀. Ó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kó ka Kitaro tẹ̀ lé e, tàbí kó kà á pẹ̀lú ọmọ. Kí ó má fi ìwé ogun ti ọdún 1973 ṣáájú, ó wúwo. Kó kọ́kọ́ mọ ọkùnrin náà ná. Lẹ́yìn náà ló kan Showa, ìtàn orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó dà pọ̀ mọ́ ìtàn ayé ti ara rẹ̀, ìwé ńlá mẹ́rin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìkẹta ni mo wà báyìí, níbi tó ti dé láti ojú ogun, tó ń wá ohun tí yóò fi ọwọ́ kan ṣe.